Táyà Tí Wọ́n Gbàdúrà Sí

Ara mi kì í balẹ̀ níbi kan. Bí mo bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní Àgọ́-Ìwòyè, tí mo bá jókòó fún ìgbà díẹ̀, ẹsẹ̀ mi á ti máa jó lábẹ́ tábìlì. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn mọ́tò mi. Ó kéré, ó sún mọ́lẹ̀, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí sókè bí ìdérí àpótí, agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ju ìrísí rẹ̀ lọ. Bí mo bá fi eré yà á ní kọ́nà, kì í mì rárá. Ìyàwó mi ní mọ́tò ọmọdé ni. Mo ní kó jẹ́ kí n máa ṣe ọmọdé lọ.

Nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, mo rí i pé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti jẹ tán. Ǹ bá fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀ díẹ̀, àmọ́ wọ́n pè wá láti Abígí, lápá etí omi lọ́hùn-ún. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin, ẹnì kan ṣoṣo tó kù nínú àwọn tí wọ́n jọ bí, kò lè dìde mọ́, orúkọ ìyá mi ló sì ń pè ṣáá. Ìyá mi ò sì lè wọ ọkọ̀ èrò. Egungun ìbàdí wọn ti bàjẹ́, bí wọ́n bá há wọn mọ́ àárín èèyàn, ẹkún ni wọ́n máa fi sọ̀ kalẹ̀. Èmi ni mo gbọ́dọ̀ gbé wọn lọ, kó tó pẹ́ jù.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kiri. Ní Awà, tòkunbọ̀ ni wọ́n kó síwájú mi, mo fi èékánná ha ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan, ó ń ya bí èèpo igi gbígbẹ. Ní Àgọ́-Ìwòyè, gbogbo ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ ló di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú táyà. Òkè-Àgbò ni mo pàpà dúró sí, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta tuntun. Oríṣi méjì ló gbé kalẹ̀. Èkíní fẹ̀, ó pẹlẹbẹ, rọ́bà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ò ju ìka mélòó kan lọ, ó sì bá rímù mi mu. Èkejì ga lẹ́gbẹ̀ẹ́, oníkùn ni wọ́n ń pè é, rímù kékeré ló sì ń wọ̀.

"Ọ̀nà ibo lẹ fẹ́ gbà, bọ̀dá?" ló bi mí.

"Abígí."

"Oníkùn gba kòtò. Pẹlẹbẹ dára ní kọ́nà. Ẹ̀yin lẹ máa gùn ún."

Mo wo oníkùn títí, ohun tí mo rí ni mọ́tò mi nínú bàtà bàbá àgbà. Mo ra pẹlẹbẹ.

Ìjọ Aládùúrà tí ìyá mi ń lọ ní Àtìkòrí ní àṣà kan. Ohun tuntun tó bá máa gbé èèyàn rìn lójú ọ̀nà, wọ́n á gbàdúrà sí i kó tó fara kan ilẹ̀. Ìyá mi sì ti sọ fún mi gbangba pé àwọn ò ní wọ mọ́tò náà láìṣe bẹ́ẹ̀. Mo ru táyà lọ bí ẹni ru iṣu. Wọ́n tẹ́ aṣọ funfun, wọ́n tò wọ́n sí i, àwọn aláṣọ funfun yí wọn ká láìwọ bàtà: òṣìṣẹ́ báńkì, ẹni tó ń lọ ata, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n kọrin, wọ́n bá ẹ̀jẹ̀ ojú pópó wí, ìyá ìjọ sì fi òróró ya àgbélébùú sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àmín tèmi ń sáré ju tiwọn lọ.

Bí wọ́n ṣe wọ̀ ọ́ sẹ́sẹ̀ mọ́tò tán, mo gbé ìyá mi láti Àtìkòrí sí Òkè-Àgbò, ká fi dán an wò. Ìyá mi kì í wọ mọ́tò kí wọ́n má kọrin. Lọ́jọ́ náà wọn ò kọ ẹyọ kan. Kòtò kékeré ni, kòtò ńlá ni, gbogbo rẹ̀ ló ń dún wá sínú ìjókòó, wọ́n sì di irin tó wà lókè ilẹ̀kùn mú gírígírí. Nígbà tí mo dúró, wọn ò tètè sọ̀ kalẹ̀.

"Ó dáa," ni wọ́n wí. "Mọ́tò ẹ dáa gan-an."

Ọwọ́ wọn wà ní ìbàdí. Inú bí mi sí kòtò, sí ìyá mi tó ń tàn mí, sí èmi náà.

Mo padà sọ́dọ̀ ọkùnrin táyà, mo ní kó bá mi pààrọ̀ rẹ̀. Ó fẹ́ gbà. Ó tẹ̀ba, ó wò ó, ó rí ibi tí eruku ti lẹ̀ mọ́ òróró, àgbélébùú náà hàn kedere. Aláṣọ funfun ni òun náà, ìjọ ọ̀tọ̀ ni.

"Án ti fi òróró sí i," ló fi èdè Ìjẹ̀bú wí. "Mi ò lè tún un tà, bọ̀dá. Àdúrà ìyá yín ni."

Mo ní màá nù ún kúrò.

"Ẹ máa nu àdúrà kẹ̀?"

Mo rìn lọ, mo rìn bọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo ń jiyàn. Abígí tún pè: ẹ̀gbọ́n ìyá mi ò jẹun mọ́. Mo ní kó gbé oníkùn àti rímù kékeré wá. Ó wọ̀ wọ́n sẹ́sẹ̀ mọ́tò, ó kó àwọn tí wọ́n gbàdúrà sí sẹ́yìn mọ́tò fún mi. Ojú ọ̀nà ni mo wà kí n tó rántí pé oníkùn ti ń tẹ ilẹ̀, kò sì sẹ́ni tó gbàdúrà sí i. Tí ìyá mi bá kọ̀ ńkọ́, ta ló máa ṣàlàyé fún Abígí?

Bí mo ṣe dé iwájú ilé wọn, ìyá mi jáde wá. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ oníkùn, wọ́n wo àwọn tó wà lẹ́yìn mọ́tò.

"Èmi l'án gbàdúrà fún," ni wọ́n wí, "éè ṣe táyà. Kó ìwọ̀nyí kalẹ̀, ká máa lọ."

Mi ò gbádùn ìrìn náà rárá. Mọ́tò mi ń fì ní kọ́nà, ó ti lọ́ra, tipátipá ni mo fi rọra ń wà á. Ìyá mi kọrin títí a fi kọjá Ìjẹ̀bú-Òde, lẹ́yìn náà ohùn wọn dákẹ́. Mo rò pé ìbàdí ti tún bẹ̀rẹ̀. Mo bojú wò wọ́n: wọ́n ti sùn, ẹnu wọn là sílẹ̀, ọwọ́ wọn wà lórí itan. Ìyá mi ò sùn nínú mọ́tò mi rí.

Ní Abígí, ẹ̀gbọ́n wọn nawọ́ sí wọn látorí ẹní, ó bi wọ́n bóyá ọ̀nà ò pa wọ́n lára. Ìyá mi ní, "Mo sùn wá ni." Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, wọ́n sì dùbúlẹ̀ sórí ẹní kan náà. Ọ̀sẹ̀ yẹn ò parí tí ẹ̀gbọ́n wọn fi lọ, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọwọ́ wọn.

Àwọn pẹlẹbẹ wà lẹ́yìn ilé mi títí di òní. Mo máa ń yọjú sí wọn, ọwọ́ mi á máa yún mi. Mo bi ìyá mi bóyá kí n dá wọn padà sẹ́sẹ̀ mọ́tò. Wọ́n ní ó kù sọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè ìgbà tí a tún máa lọ sí Abígí, kí àwọn lè lọ wo ibojì. Oníkùn ló ṣì wà lẹ́sẹ̀ mọ́tò mi.