Abẹ́rẹ́ Tí Mo Ń Gbà Lọ́wọ́ Bàbá Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, bàbá mi, tí wọ́n jẹ́ aránṣọ ní Ifọ̀, já bọ́ láti orí ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n sì fi orí sọlẹ̀. Ọgbẹ́ náà jinná, ṣùgbọ́n ọpọlọ wọn kò padà sípò. Ẹ má pe irú èyí ní wèrè o, ẹ̀yin ọmọ mi. Bàbá mi mọ̀ wá, wọ́n sì mọ orúkọ wa. Ohun tó yẹ kó ṣáájú àti ohun tó yẹ kó tẹ̀lé e ni kò yé wọn mọ́. Wọn á jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, wọn á di òwú mú, wọn ò ní mọ ibi tí wọn yóò fi sí. Àwọn oníbàárà ti ń wá kó aṣọ wọn lọ. Aṣọ iléèwé tí bàbá mi ti gé sílẹ̀ fún mi kí wọ́n tó ṣubú wà nínú apẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé ọmọ tí a kọ́ kì í wo àgbà níran níbi tí àgbà ti ń làágùn. Bí ọwọ́ bàbá mi bá ti dúró báyìí, mo ti débẹ̀: "Ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe é, Bàbá." Màá gba abẹ́rẹ́, màá ti òwú bọ̀ ọ́, gbogbo ilé á sì máa yìn mí.

Ìyá bàbá mi nìkan ni kò yìn mí. Lọ́jọ́ kan, wọ́n fà mí sẹ́yìn.

"Ta ló ń ránṣọ nílé yìí?"

"Bàbá ni, Màmá."

"Irọ́! Ìwọ ni. Bí o bá ń bá a jẹ oúnjẹ rẹ̀, ṣé ikùn tirẹ̀ ló máa yó?"

Láti ọjọ́ náà, Màmá ní kí ẹnikẹ́ni má gba nǹkan kan lọ́wọ́ ọmọ àwọn mọ́. Bí bàbá mi bá dúró, a ó bi wọ́n pé, "Kí ló kù?" a ó sì dákẹ́. Ó le. Nígbà mìíràn, omijé á máa bọ́ lójú bàbá mi, èmi á sì jókòó lé ọwọ́ mi méjèèjì kí n má baà gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ìgbà òjò kan gbáko ni bàbá mi fi rán aṣọ iléèwé náà. Lọ́jọ́ tí ó kù díẹ̀ kí ó parí, òwú já, ọwọ́ wọn sì dúró. Mo na ọwọ́ láìmọ̀.

"Gbọ́wọ́ ẹ kúrò ńbẹ̀ jàre," bàbá mi ní, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Àbí ìwọ lo bí mi ni?"

Wọ́n fi itọ́ ra orí òwú náà, wọ́n sì tì í bọ ojú abẹ́rẹ́ fúnra wọn. Apá aṣọ náà kan gùn ju èkejì lọ, ó sì ti fún mọ́ mi lára. Mo wọ̀ ọ́ lọ sí iléèwé bẹ́ẹ̀.

Ayé ti yí padà. Lónìí, àwọn tó kọ́ irú ìtọ́jú yìí wà nílé ìwòsàn ńlá. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ kí ọkùnrin kan ní Mowe tí ọ̀kadà gbé ṣubú, tí ọpọlọ òun náà kò tíì padà sípò. Mo bi í ní ìbéèrè, ìyàwó rẹ̀ ló dáhùn. Mo bi í ní òmíràn, ọmọ rẹ̀ ti ṣí fóònù láti bá a wá ìdáhùn. Ìfẹ́ ló ń mú wọn ṣe é, bí ó ti mú mi ṣe é nígbà náà. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n: bí nǹkan bá há mọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, ẹ bi í pé, "Kí ló kù?" kí ẹ sì dúró dè é.