Ìpá tí Bàbá Mi Pè Ní Ibà

Inú ṣì ń bí mi. Ní Ìjẹ̀ṣà-Iṣu wa, ọkùnrin tó bá ní kí wọ́n bá òun gbé apẹ̀rẹ̀ iṣu rù, yẹ̀yẹ́ ni wọ́n máa fi ṣe. Bàbá mi kò bẹ ẹnikẹ́ni rí. Wọ́n ń dá gbé e, wọ́n ń mu tábà, wọ́n ń wúkọ́, wọ́n sì ń fi ṣòkòtò kẹ̀ǹbẹ̀ bo ìpá wọn, títí ìfun fi há sínú rẹ̀ tí a sáré gbé wọn lọ fún iṣẹ́ abẹ. Dókítà ní ẹrù wúwo àti ikọ́ tí kò lọ wà lára ohun tó ń fà á, àti pé àgbàlagbà tó ní in pọ̀.

Nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ wọn wá kí wọn, bàbá mi ní ibà ni. Mo ní, “Irọ́ ni. Ìpá ni, ó sì kù díẹ̀ kó pa wọ́n.” Gbogbo wọn wò mí bí ẹni tó bọ́ aṣọ lára baba rẹ̀.

Nínú àwọn ọ̀rẹ́ náà, èyí tí ẹnu wọn mú jù nínú yẹ̀yẹ́ oko tẹ̀lé mi dé ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n rọra ní, “Èmi náà ní in.”

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò pe ẹni tó máa bá wọn gbé ẹrù.

Wọ́n ní, “Ta ni kí n pè?”