Igbe Olè ní Ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀gbọ́n Mi

Èmi ni mo kọ ètò kọ̀ǹpútà kékeré tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi ń to àwòrán pásípọ́ọ̀tù mẹ́jọ sórí bébà kan ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé rẹ̀ ní Èrúwà. Iṣẹ́ ètò náà kò ju ìyẹn lọ. Owó àwòrán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pólì ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń bọ́ àwọn ìbejì rẹ̀.

Nígbà tó yá, ọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, tó ń de táì nínú oòrùn Ìbàràpá, tó ní kí gbogbo ayé máa pe òun ní Ẹnjiníà, wá fi antifáírọ́ọ̀sì, ètò tó ń lé àrùn kọ̀ǹpútà, sí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ní ajá ọdẹ ni. Láti ọjọ́ náà, bí ẹ̀gbọ́n mi bá ti ṣí ètò mi báyìí, obìnrin kan á figbe ta lédè òyìnbó nínú sípíkà pé ọ̀tá ti wọlé. Ojú kọ̀ǹpútà á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á já fíláàṣì tí àwòrán wọn wà nínú rẹ̀ gbà.

"Màmá, kọ̀ǹpútà yín ti kó àrùn o! Ẹ má kó o ràn wá!"

Kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi ṣí lọ sí ṣọ́ọ̀bù òdìkejì títì.

Nígbà tí mo gbọ́, inú bí mi. Mo wọ mọ́tò láti Ìbàdàn, mo sì ní kí wọ́n pe Ẹnjiníà wá. Ó wo ètò mi, ó nu ìgò ojú rẹ̀.

"Antifáírọ́ọ̀sì yìí kò mọ̀ ọ́n ni. Ohun tí kò bá rí rí, olè ló ń pè é. Ìyẹn ni sẹkiúrítì."

Mo ní, "Ẹ sọ fún un pé ọmọ ilé ni."

Ó tẹ bọ́tìnì kan. Pupa tó wà lójú kọ̀ǹpútà pòórá. Ẹ̀gbọ́n mi dẹ etí sílẹ̀.

"Ṣé ó ti sọ ọ́?"

"Ó ti sọ kí ni, Ìyá Ìbejì?"

"Pé irọ́ lòun pa. Ṣebí ó lẹ́nu nígbà tó ń pariwo?"

"Kì í sọ ìyẹn, mà."

"Ẹni tó bá pe ọmọ ọlọ́mọ lólè, gbangba ni yóò ti bẹ̀bẹ̀. Bí òun ò bá lẹ́nu, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mú un wá lẹ́nu. Ẹ bọ́ síta, kẹ́ ẹ sọ ọ́!"

Ẹnjiníà tún táì rẹ̀ ṣe. Ó ní òun kì í ṣe akéde ìlú, Ẹnjiníà lòun. Mo ní iṣẹ́ akéde gan-an ló ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí, irọ́ ló ń kéde. Ó gun ọ̀kadà, ó lọ.

Ni ẹ̀gbọ́n mi bá bọ́ sẹ́nu ọ̀nà fúnra rẹ̀, ó ń ké: "Kò sí àrùn níbí o! Kò tiẹ̀ sí i rí!"

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń bọ̀ dúró, ó wò ó. Ó ki fíláàṣì rẹ̀ bọ àpò, ó sì sọdá títì.