Ojú Kan Tó Kù fún Àǹtí Rùká

Bí ẹ bá ka ìwé ní yunifásítì Akoka láàárín ogún ọdún sẹ́yìn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló tẹ iṣẹ́ àṣekágbá yín. Rùkáyátù lorúkọ rẹ̀, Àǹtí Rùká ni gbogbo wa ń pè é. Ṣọ́ọ̀bù kékeré ló ní, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà kan àti àga kan tí tìmùtìmù rẹ̀ ti ya. Kì í wo bọ́tìnnì. Ojú rẹ̀ á wà nínú ìwé wúruwùru tí ọmọ ilé-ìwé fọwọ́ kọ, ìka rẹ̀ á máa sáré, ẹnu rẹ̀ náà ò ní dákẹ́: "Ìwọ tó kọ eléyìí, ṣé ìwọ fúnra ẹ lè kà á?"

Ojú kan ló fi ń ṣe gbogbo rẹ̀ o. Àìsàn ọmọdé ti mú ojú òsì lọ kó tó mọ ìrìn.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí oṣù Ṣàbánì tó ṣáájú ààwẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, ó jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní nǹkan ń ṣú bo ojú ọ̀tún. Kò dùn ún, kò pọ́n, kò sì ṣepin. Ó rò pé ìgò ojú òun ló dọ̀tí, ó ń nù ún ṣáá. Ṣùgbọ́n nígbà tó jókòó tiṣẹ́, àárín ọ̀rọ̀ ló ń pòórá. Ó ń rí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ó ń rí ìparí rẹ̀, ibi tó tẹjú mọ́ gan-an ni kò rí. Èmi ni mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú.

Dókítà náà, Dárasími, kò tíì ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á. Àǹtí ti pa oògùn rẹ̀ tì tipẹ́, ó ní ara òun le.

"Mọ̀mí, iṣan tó ń kó ẹ̀jẹ̀ jáde lẹ́yìn ojú yín ló dí. Ẹ̀jẹ̀ ń wọlé, kò rọ́nà jáde, ló bá ń jò síbẹ̀ bí omi gọ́tà tó dí. Awọ fẹ́lẹ́ kan wà níbẹ̀, nẹ́ẹ̀fù ló kún inú ẹ̀, òun ló ń gbé ohun tẹ́ ẹ bá rí lọ sínú ọpọlọ. Omi ti rin ín, ó ti wú. Abẹ́rẹ́ tá a máa gún yín nínú ojú ò ní la iṣan yẹn, àmọ́ á jẹ́ kí omi yẹn gbẹ, kí nẹ́ẹ̀fù yẹn lè sinmi. Tá a bá fi falẹ̀, á kú. Tó bá sì ti kú, kò sí ìgò tó lè jí i."

Àǹtí ní òun gbà. Wọ́n fi í sí Ọjọ́rú tó ń bọ̀. Ó wá ní òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún Bọ̀dá.

Bọ̀dá Isiaq ni àkọ́bí wọn. Nígbà tí bàbá wọn kú ní Ìsàlẹ̀ Èkó, òun ló kó wọn wá sí Fọlá Àgòrò, tó rán gbogbo wọn níwèé. Láti ìgbà náà, ohun tó bá sọ labẹ gé. Ó pe ìpàdé ẹbí.

"Abẹ́rẹ́? Nínú ojú? Ojú kan ṣoṣo tó kù lára ọmọ bàbá mi! Tí ọwọ́ dókítà bá gbọ̀n ńkọ́?"

Kí n má parọ́ mọ́ ọn, ẹ̀rù bà á ní tòótọ́, omi lé ròrò lójú rẹ̀. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, dókítà ní…" Ọkọ mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Bọ̀dá ní ọ̀rọ̀ ẹbí làwọn ń sọ. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí fún wọn, mi ò tíì di ẹbí.

Ó yíjú sí Àǹtí. "Rùká, ṣé o fẹ́ ṣe é?"

Àǹtí wolẹ̀. "Ohun tẹ́ ẹ bá ti sọ náà ni, Bọ̀dá mi."

Inú bí mi.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kán oyin sí i lójú nìyẹn. Oyin ń lọ, àdúrà ń lọ, ẹ̀yìn ojú ń kú lọ. Ààwẹ̀ dé, ó lọ. Iléyá dé, ó lọ. Ìgbà tí Bọ̀dá fi gbà pé ká padà, Dókítà Dárasími wo ẹ̀yìn ojú náà títí. Ó ní omi náà ti ń fà, ṣùgbọ́n nẹ́ẹ̀fù àárín ti kú. Kò bú wa. Ì bá wù mí kó bú wa.

Ẹ̀gbẹ́ nìkan ni Àǹtí ń rí báyìí. Ó mọ̀ pé èèyàn wọlé, kò mọ ẹni tó jẹ́ àfi tí onítọ̀hún bá sọ̀rọ̀. A ti ta kọ̀ǹpútà. Bó bá jókòó, ìka rẹ̀ á máa tẹ itan rẹ̀ wéréwéré. Bọ̀dá ń sọ fún gbogbo ẹni tó wá kí i pé bí Ọlọ́run ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Ọlọ́run kọ́ ló pe ìpàdé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo mú Àǹtí lọ kí Bọ̀dá. Ó ń ka ìwé ìròyìn ní pálọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ò mọ̀ pé a ti wọlé, ó pariwo láti kíṣìnnì: "Dádì Zeenat, ẹ má gbàgbé o, ọ̀la lẹ máa lọ gba abẹ́rẹ́ ojú yín ẹlẹ́ẹ̀kejì!"

Bọ̀dá ká ìwé ìròyìn náà, ó tún un tú. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tòun náà ló dé ojú, àwọn ọmọ ló sáré gbé òun lọ, ojú náà sì ti ń là. Òun ò fẹ́ kó kó ìbànújẹ́ bá Rùká lòun ò ṣe sọ.

Àǹtí na ọwọ́, ó ń wá a kiri títí ó fi kan orúnkún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ṣé abẹ́rẹ́ yẹn máa ń dunni, Bọ̀dá mi?"

Bọ̀dá gbé ìwé ìròyìn náà sílẹ̀.

"Rárá," ló wí. "Kò tiẹ̀ dùn mí rárá."