Àlàfo Tí Ẹ̀rọ Dí

Ní ilé ìtẹ̀wé tí ìyá mi ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, kò sẹ́ni tó ń pè wọ́n lórúkọ. Alátò ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n, nítorí àwọn ló ń to ọ̀rọ̀ sójú ìwé lórí kọ̀ǹpútà kí ẹ̀rọ tó tẹ̀ ẹ́. Tábìlì méjì ti kún yàrá wọn fọ́fọ́. Òórùn yíǹkì ni wọ́n máa ń gbé wálé, èmi a sì máa ráhùn sí wọn bí ẹni pé èmi ni mo bí wọn.

Ẹnu mi mú, mo mọ̀. Èmi ni àkọ́bí, mi ò sì fi ipò náà ṣeré. Bí àbúrò mi ọkùnrin bá fẹ́ jókòó síwájú ọkọ̀, mo gbọ́dọ̀ rán an létí ẹni tó kọ́kọ́ dé ilé ayé nínú wa. Ìyá mi kì í dá sí i. Wọn a kàn gbójú sí ibòmíì.

Iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ jù ni kí àkọlé máa fún ara rẹ̀ ní nọ́ńbà. Wọn a ṣètò rẹ̀ ní ìpele ìpele: orí ìwé á gba 1, ìsọ̀rí abẹ́ rẹ̀ á gba 1.1, èyí tó tún wà lábẹ́ ìyẹn á gba 1.1.1. Bí orí tuntun bá bẹ̀rẹ̀, ìsọ̀rí gbọ́dọ̀ padà sí ọ̀kan. Bí ẹ ò bá sọ bẹ́ẹ̀ fún kọ̀ǹpútà, kíkà ni yóò máa kà lọ. Àwọn tó ń fọwọ́ tẹ nọ́ńbà lọ́kọ̀ọ̀kan ńkọ́? Ìyá mi ní ìyà ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń jẹ.

Bàbá kan tó jẹ́ télọ̀ gbé ìtàn ìdílé wọn wá. Ọmọ mẹ́fà ni wọ́n bí, orí kan fún ọmọ kan, àwọn ọmọ-ọmọ sì wà ní ìsọ̀rí abẹ́ òbí wọn. Nígbà tí ìyá mi kọ́kọ́ tò ó, wọ́n gbàgbé láti dá kíkà padà sí ọ̀kan, ni àkọ́bí ọmọ kejì bá di 2.5, bí ẹni tó ní ẹ̀gbọ́n mẹ́rin. Bàbá Télọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "A kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ," wọ́n ní, "ẹ̀yin tún wá ń fi kún un."

Mo lọ gba kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́ ìyá mi ní ọ̀sán ọjọ́ tí bàbá náà padà wá. Kò sí ẹ̀rín lẹ́nu bàbá lọ́jọ́ yẹn.

"Alátò, ẹ bá mi yọ orí kẹta."

Ọmọ wọn obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló ni orí kẹta. Ó ti kú kí ìwé náà tó bẹ̀rẹ̀. Bàbá ní ìyá àwọn ọmọ kò lè kà á kọjá ibẹ̀, pé bó bá ti kan ojú ìwé yẹn báyìí, á pa ìwé dé, á wọlé lọ sùn.

"Ṣé gbogbo ẹ̀, bàbá?"

"Gbogbo ẹ̀."

Ìyá mi pa orí náà rẹ́. Kí n tó ṣẹ́jú, orí kẹrin ti di 3, 4.1 ti di 3.1, karùn-ún ti di 4, bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ dé ìsàlẹ̀. Ọmọ mẹ́fà di márùn-ún níṣojú wa, kò sì síbi tó fi hàn pé ẹnì kankan kúrò. Bàbá na ìka sí ojú kọ̀ǹpútà.

"Ó ti dí àyè ẹ̀?"

"Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, bàbá. Àmọ́ mo lè ní kó bẹ̀rẹ̀ eléyìí láti nọ́ńbà mẹ́rin, kí àyè ẹ̀kẹta ṣófo. Ẹ jẹ́ kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

Mi ò gbọ́ kí ìyá mi bẹ oníbàárà rí.

Bàbá Télọ̀ rò ó títí. "Bó bá ṣófo, àwọn èèyàn á máa bi ìyá wọn pé ẹ̀kẹta dà. Kí ló fẹ́ sọ? Ẹ jẹ́ kó dí bẹ́ẹ̀." Wọ́n dúpẹ́, wọ́n mú fìlà wọn, wọ́n lọ.

Ìyá mi pa kọ̀ǹpútà, wọ́n sì bá mi jáde. A ń rìn kọjá àwọn ṣọ́ọ̀bù nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀.

"Ìwọ kọ́ ni àkọ́bí mi."

Mo dúró. Àwọn ò dúró, mo ní láti sáré lé wọn bá. Wọ́n ní obìnrin ni, kò lo ọ̀sẹ̀ kan láyé, wọn ò tíì sọ ọ́ lórúkọ. Gbogbo ẹbí ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Nígbà tí wọ́n bí mi, wọ́n ní àkọ́bí dé, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń pariwo àkọ́bí sí wọn létí nínú ilé. Ojú tì mí, ó sì dùn mí wọ eegun.

Èmi ẹlẹ́nu mímú, mo rẹ ohùn mi sílẹ̀. Mo béèrè pé, "Ṣé ẹ̀gbọ́n mi jọ mí?"

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó dúró. Wọ́n wo ojú mi dáadáa, bí ẹni pé wọn ò rí i rí.

"Irun tiẹ̀ pọ̀ ju tìẹ lọ," wọ́n ní. "Etí yín ló jọra. Kò sẹ́ni tó bi mí rí."

Wọ́n sunkún lójú títì, mo gba báàgì ọwọ́ wọn, mo sì di apá wọn mú títí a fi délé. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ẹ̀kelòó ni mo jẹ́ nínú ọmọ ìyá mi, ìkejì ni mo máa ń sọ.