Ọjọ́ Tí Benz Mi Kọ̀ Láti Sítáàtì Níwájú Àwọn Àna Mi

Ọjọ́ Àìkú tí ojú gbà mí tì níwájú àwọn àna mi ní Duluth, nílùú Amẹ́ríkà, n kò ní gbàgbé rẹ̀ láéláé.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì ni. Mo ti ń fọ́nnu fún bàbá ìyàwó mi pé èmi fúnra mi ni mo ń tún Benz àtijọ́ mi ṣe. Mo yí kọ́kọ́rọ́, kò dún rárá. Màmá ìyàwó mi wo abẹ́ ọkọ̀, wọ́n figbe ta: "Ẹ̀jẹ̀ rè é o!" Lóòótọ́, nǹkan pupa ń kán sílẹ̀. Kíá ni ìjọ yí wa ká, tí àdúrà bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí débi pé àmín tèmi ló lọ sókè jù.

Bàbá kò dijú ní tiwọn. Wọ́n fìka kan nǹkan pupa náà, wọ́n gbóòórùn rẹ̀: "Ọ́ìlì gíà ló ń jò." Wọ́n nawọ́ sínú ọkọ̀, wọ́n ti gíà sí páàkì, wọ́n yí kọ́kọ́rọ́. Benz sítáàtì! Bí mo ṣe máa ń ṣe ọkọ̀ mánúà mi n'Íbàdàn, háńdì búréèkì nìkan ni mo fà kí n tó bọ́ọ́lẹ̀. Gíà ṣì wà ní dráífù, bẹ́ẹ̀ Benz onígíà ọ̀tọmátíìkì kì í sítáàtì níbẹ̀.

"Halelúyà! Ẹ̀rí dé!" ni Màmá ń pariwo.

Bàbá sún mọ́ mi, wọ́n rọra sọ sí mi létí pé: "Ọmọ mi, ṣé ìwọ lo máa jẹ́ ẹ̀rí yẹn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àbí kí n bá ọ jẹ́ ẹ?"