Kí Wọ́n Tó Lọ Ata

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí èmi àti ìyàwó mi lò pọ̀ kẹ́yìn, ọ̀rọ̀ ṣúgà ni a sọ. Ó wà ní yàrá, mo wà nídìí tábìlì, mo sì rò pé kò lè rí mi. Ó ké sí mi láti inú yàrá pé, "Dádì, ẹ̀ẹ̀mejì ni ṣíbí yẹn kan ẹnu agolo." Mo ní èèrà ni mò ń lé. Ó ní kí n bá òun kí èèrà náà, kí n sọ fún un pé dókítà ti ní kó má jẹ ṣúgà mọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti kú ní ọsibítù kan ní Jẹ́ríkò.

Láti ìgbà tí dókítà ti bá mi wí nípa búrẹ́dì funfun ni ó ti ń ṣe oúnjẹ àárọ̀ wa fúnra rẹ̀: àgbàdo, ọkà bàbà, jéró, ẹ̀wà sóyà àti ẹ̀pà díẹ̀. Yóò yan wọ́n, yóò lọ̀ wọ́n pọ̀, kò sì ní sẹ́ ẹ, nítorí ó gbà pé inú èèrí ọkà gan-an ni ìlera wà. Tí ó bá fi omi gbígbóná rò ó, yóò dà bí ẹrẹ̀ ojú ọ̀nà Mọ́níyà nígbà òjò, yóò sì dùn. Èyí tí ó ṣe kẹ́yìn wà nínú ike ńlá kan. Ṣíbí kékeré ni mo fi ń bù ú kí ó lè pẹ́. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú, ó tán.

Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ní ìṣirò, mo sì rò pé ọkà yíyan kò lè le ju ìyẹn lọ. Mo da márààrún pọ̀ sínú ìkòkò kan náà. Jéró ti di èédú kí àgbàdo tó mọ̀ pé iná wà lábẹ́ òun. Mo gba ọjà Bódìjà lọ láti ra òmíràn.

Obìnrin tó ń ta ọkà ń wò mí bí mo ṣe ń ka ohun tí mo fẹ́.

"Bàbá, ẹ kú oríire o. Ọmọ oṣù mélòó ni?"

Ó ṣe díẹ̀ kí ó tó yé mi. Àwọn ìyá ọlọ́mọ ni wọ́n máa ń pa irú ọkà wọ̀nyí pọ̀, fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.

"Èmi ni mo fẹ́ jẹ ẹ́."

"Ẹ̀yin?" Ó rẹ́rìn-ín. "Aláwàdà ni bàbá yìí. Ẹ wá gba èènì ìyá ọmọ."

Ó yẹ kí n ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣàlàyé, yóò béèrè ìyàwó mi, ibẹ̀ ni n kò sì fẹ́ dé. Títí di ọjọ́ yẹn, n kò tíì fi ẹnu ara mi sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó ti kú. Ọmọbìnrin mi ló sọ fún ẹbí, àlùfáà ló sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ géètì ló sọ fún àdúgbò. Mo gba èènì, mo dúpẹ́.

Lọ́tẹ̀ yìí mo yan wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì gbé wọn lọ sí ilé ẹ̀rọ. Ènìyàn mẹ́fà ló wà níwájú mi. Ẹni tí ó kàn gbé ata gbígbẹ kún garawa. Ọkùnrin tó ni ẹ̀rọ yọjú wo inú ike mi.

"Ẹ dúró ná. Oúnjẹ ọmọ ni bàbá gbé wá. Ṣé ẹ fẹ́ kí ata yín jó ọmọ ọwọ́ lẹ́nu ni?"

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ̀ ọ́, jàre," ni ìyá aláta wí. "Ẹ kú ewu ọmọ, bàbá. Akọ ni àbí abo?"

Mo ní a dúpẹ́. Wọ́n lọ tèmi ṣáájú. N kò purọ́. Mo kàn dákẹ́ síbi tí irọ́ jókòó sí. Kí n sòótọ́, ó sì mú kí tèmi tètè yá.

Mo wá gbọ́ lẹ́yìn náà pé obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa wà lórí ìlà, tòun ti ẹ̀lúbọ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì kan àti ìyá tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ obìnrin wá kan ilẹ̀kùn mi. Alàgbà gbé Bíbélì, ìyá gbé páálí ìlédìí ọmọ. Ó jọ pé wọn kò tíì fẹnu kò lójú ọ̀nà bóyá ìbáwí ni àwọn bá wá tàbí ìkíni.

"A ò wá dájọ́, sà," ni alàgbà wí. "Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú." Ó ń fi ìka kà á. "Ìṣirò yẹn ò bọ́ sí i. Ẹ̀yin lẹ sì kọ́ ọmọ mi ní ìṣirò."

"Kò sí ọmọ níbí."

"Ṣé ó ń sùn ni?" Ìyá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Kò sí ọmọ rárá, mà."

"Wọ́n ti gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀," ó sọ fún alàgbà wúyẹ́wúyẹ́.

Kí wọ́n lè rí i pé oúnjẹ àgbà ni, mo ro abọ́ kọ̀ọ̀kan fún wọn. Alàgbà jẹ tirẹ̀ tán, ó nu ẹnu, ó ní, "Ọmọ yẹn ń gbádùn." Wọ́n gbàdúrà fún òbí àti ọmọ, wọ́n fi páálí sílẹ̀, wọ́n lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, ọmọbìnrin mi pè láti Àbújá.

"Dádì, kí lẹ sọ ọ́?"

"Kí ni mo sọ kí ni?"

"Ọmọ yín. Ẹnu ẹni ẹlẹ́ni ni mo ti ń gbọ́ ọ. Mọ́mì ò tíì pé oṣù mẹ́rin nílẹ̀, Dádì."

Mo sọ fún un pé ọkà ni. Ó gbà mí gbọ́, ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ẹkún rẹ̀ kí ẹ̀rín náà tó dé. Èmi ni mo fi ẹlòmíràn sí àyè ìyá rẹ̀, nítorí kí n má baà tò sẹ́yìn ata.

Nígbà tí ọkà yẹn tán, mo yan òmíràn, mo padà lọ.

"Bàbá ọmọ," ni ẹlẹ́rọ wí, "ẹ máa bọ̀ níwájú. Ọmọ ńkọ́?"

"Kò sí ọmọ. Èmi ni mò ń jẹ ẹ́. Ìyàwó mi ló máa ń ṣe é. Ó ti kú."

Ẹ̀rọ ń pariwo. Ó na etí sí mi. Mo tún un sọ. Ó tún na etí. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo fi igbe sọ ọ́. Ó yíjú sí ẹni tó kàn, ó sọ fún un. Ìyẹn sọ fún ẹni ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yóò fi dé ìdí ìlà, obìnrin kan ti ká ọwọ́ lérí, ó ní ìyàwó bàbá kú sórí ìkúnlẹ̀, ọmọ náà kò sì rí ọmú mu.

Kò sí ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Mo bẹ̀rẹ̀ láti iwájú, mo tò wọ́n lọ lọ́kọ̀ọ̀kan dé ẹ̀yìn: kì í ṣe ìbímọ ló pa á, àgbàlagbà ni, àyà ló dùn ún, ìyàwó mi ni, ó ti kú. Ẹni méje ni mo sọ ọ́ fún.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ̀ ṣáájú," ni ẹnì kan wí. "Wọ́n ń ṣọ̀fọ̀."

"Ọ̀fọ̀ kì í jẹ́ kí ata ta ènìyàn ni?" ni òmíràn béèrè. "Ọmọ la ń fi àyè sílẹ̀ fún."

Wọ́n ṣì ń jiyàn lórí rẹ̀ nígbà tí mo ti dúró sí ẹ̀yìn obìnrin tó ká ọwọ́ lérí. Garawa ata méjì ló wà níwájú wa. Nígbà tí ó kàn mí, ìyẹ̀fun mi jáde ní àwọ̀ pupa, mo sì sín ní ẹ̀ẹ̀mẹrin.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé omi kaná, mo rò ó, mo jókòó. Ó ta bí ọbẹ̀. Mo jẹ ẹ́ tán.